Òpó Mẹ́ta Lójú Fóònù: Bí A Ṣe Gbé Ìwé Ìròyìn Bàbá Olóòtú Sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì ní Òṣogbo

Ọjọ́ tí Bàbá Olóòtú kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Baálẹ̀, ìdì ìwé ìròyìn tí wọ́n fi okùn so ló wà ní abíyá wọn, rúlà onígi sì yọrí jáde nínú àpò agbádá. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi tú okùn náà. Wọ́n tẹ́ ẹ̀dà kan sórí tábìlì mi, wọ́n gbé rúlà lé òpó ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Òpó mẹ́rin ló wà ní ojú ewé kan, kì í lé, kì í dín. Bó ṣe rí níbí yìí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ kó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọ mi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwé ìròyìn."

Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jáde lóṣooṣù ni, ojú ewé mẹ́jọ, tí àwọn ará àdúgbò ń rà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ọjà. Owó bébà ń ga sí i lójoojúmọ́, àwọn ọmọ àwọn tó ń rà á sì ti tú ká lọ sí Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi gbà kí wọ́n gbé e sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Orúkọ ìwé ìròyìn náà kò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, àmọ́ kí ẹ fi sọ́kàn pé ọ méjì àti ṣ kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ máa kàn wọ́n níwájú.

Mo ń kọ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ sílẹ̀, ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe àti ibi tí Bàbá ti là mí lójú, torí mo mọ̀ pé àwọn mìíràn wà tó fẹ́ gbé ìwé Yorùbá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò rí ẹni bá wọn sọ ọ́ ní èdè tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè lẹ́yìn Bàbá. Òpó inú ìwé ìròyìn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bébà ìwé ìròyìn fẹ̀. Bí ìlà ọ̀rọ̀ bá gùn láti etí kan dé etí kejì, nígbà tí ojú bá ka ìlà kan tán tó ń padà bọ̀, ó lè wọ ìlà tó ti kà kọjá, ó sì lè fo ọ̀kan. Ìlà kúkúrú ni kì í jẹ́ kí ojú ṣìnà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ títo lẹ́tà sọ pé lẹ́tà 45 sí 75 ló dára fún ìlà kan nínú ìwé; ti ìwé ìròyìn tilẹ̀ máa ń kéré sí i. Ojú àwọn òǹkàwé wa sì ti mọ́ ọn. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, àtìgbà náà ni àwọn èèyàn wa ti ń ka ìròyìn lórí bébà ní èdè ara wọn. Ohun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ lóhun tí a ó kàn rọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé fóònù dé.

Nítorí náà, mi ò bá wọn jiyàn. CSS ni èdè tí a fi ń sọ fún bíráúsà bí a ṣe fẹ́ kí ojú ewé rí. Mo kọ column-count: 3 sínú rẹ̀, torí mẹ́rin ti há jù. Ìlà kan péré nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì pín sí òpó mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀ rí, tábìlì tàbí float, àṣẹ CSS tó ń ti àpótí sápá kan, la fi ń ṣe irú rẹ̀: wàá fọwọ́ gé ọ̀rọ̀ sí mẹ́ta, wàá máa ka ìlà kí òpó kan má baà gùn ju èkejì lọ, bí olóòtú bá sì fi gbólóhùn kan kún un, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, bíráúsà fúnra rẹ̀ ló ń da ọ̀rọ̀ láti òpó kan sínú òmíràn tó sì ń mú wọn dọ́gba. Mo fi column-rule fa ìlà tín-ín-rín sí àárín wọn, mo sì fún ojú ewé ní gíga kan pàtó kó lè dà bí abala bébà.

Lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó wuni. Bàbá wò ó títí, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í padà, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Ọjọ́ kẹta, a gbé e lọ sí Ọjà Ọba. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta àdìrẹ, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dà kan fo òun. Bàbá ní Ìyá yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i. Ìyá nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n gba fóònù wọn lọ́wọ́ ọmọ wọn, a sì ṣí ojú ewé náà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń wo àtàǹpàkò wọn.

Ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ló wà lórí ìlà kan, ibòmíràn ẹyọ kan. Àtàǹpàkò náà ń ti ojú ewé sókè, ó ń tì í, ó ń tì í, títí òpó àkọ́kọ́ fi parí sáàárín gbólóhùn: "Àwọn ìyálọ́jà sọ pé". Wọ́n sọ pé kí ni? Ìyá tún tì í, kò sí nǹkan mọ́ nísàlẹ̀. Ìyókù gbólóhùn náà wà ní orí òpó kejì, lókè pátápátá, níbi tí wọ́n ti kúrò tipẹ́. Wọ́n fà á padà, wọ́n bọ́ sí orí òpó kẹta láìmọ̀, ọ̀rọ̀ ò sì bá ara wọn mu mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Nítorí gíga tí mo ti là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò gbà ti sá lọ sápá ọ̀tún, ó kúrò lójú fóònù pátápátá.

Ìyá dá fóònù padà fún ọmọ wọn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ṣáà bá mi mú ti bébà wá."

Bàbá ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìdí ọkọ̀. Èmi náà ò rí nǹkan sọ. Obìnrin tó fẹ́ràn ìwé yìí tó bẹ́ẹ̀, tó mọ̀ ọ́n kà dáadáa, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti ìṣirò. Fóònù púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi píksẹ́ẹ̀lì 360 (ẹyọ tí a fi ń wọn ojú fóònù) ní fífẹ̀ lọ lójú bíráúsà. Yọ àyè etí méjèèjì, 32. Yọ àlàfo méjì tó wà láàárín òpó mẹ́ta, 32 mìíràn. Ó ku 296. Pín in sí mẹ́ta, òpó kan kò tó 100. Bí lẹ́tà bá jẹ́ 16, nǹkan bíi lẹ́tà 12 ni ìlà kan máa gbà. Ẹ fi wé 45 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá tilẹ̀ wá sọ lẹ́tà di kékeré kó lè gbà púpọ̀ sí i, ta ló máa rí i kà?

Ìdíwọ̀n nìkan kọ́ sì ni. Nígbà tí Bàbá bá tẹ́ ìwé ìròyìn wọn sórí tábìlì, ìsàlẹ̀ òpó kìíní àti orí òpó kejì ni ojú rí pọ̀. Ojú kàn fò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni, kò sọnù. Ojú fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Fèrèsé kékeré kan ni, a kì í rí ìsàlẹ̀ àti òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Òpó tó gùn ju fèrèsé yẹn lọ, òpó tó ń sọ òǹkàwé nù ni.

Ọ̀rọ̀ òpó yìí ni mo rò pé ó le jù, àmọ́ ti àmì ohùn ló dùn mí jù lọ.

Ibi orúkọ ìwé ìròyìn lókè ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo ti wá fọ́ǹtì àtijọ́ kan, irú èyí tó ní ìwo àti ìrù bíi ti ìwé ìròyìn òyìnbó. Fọ́ǹtì náà kò ní ọ, kò sì ní ṣ. Bí fọ́ǹtì kò bá ní lẹ́tà kan, bíráúsà á lọ yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn tó bá rí. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta nínú orúkọ ìwé Bàbá ṣe dà bí àlejò nínú ilé ara wọn: àwọn yòókù sanra, wọ́n ní ìwo, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí rù, wọ́n sì pá lórí. Bàbá fi ìka kan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lójú láptọ́ọ̀pù. "Kí ló ṣe èyí? Kí ló ṣe èyí?"

Ọ̀rọ̀ inú ìròyìn náà ní àìsàn kan náà, ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀. Noto Serif ni mo lò, fọ́ǹtì tó ní gbogbo lẹ́tà Yorùbá. Àmọ́ Google Fonts, ibi tí a ti ń gba fọ́ǹtì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń gé fọ́ǹtì sí abala abala kí détà má baà lọ púpọ̀. Èmi mú abala tí wọ́n pè ní latin nìkan, mo rò pé ó ti tó, ṣebí lẹ́tà ABD náà ni. Kò tó. Ṣ wà nínú abala latin-ext. Ẹ àti ọ wà nínú abala tí wọ́n pè ní vietnamese, torí èdè àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà wọ̀nyí. Inú abala yẹn náà ni àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ tí a ń gbé lé ẹ àti ọ lórí wà. Ẹ ò ní rò ó láé pé ibẹ̀ la ti máa lọ wá lẹ́tà tiwa. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi fọ́ǹtì Google kọ Yorùbá gbọ́dọ̀ mú abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání.

Ìdí tí àmì yẹn fi dá dúró ni pé Unicode, àtòkọ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní ibùgbé fún ẹ, ó ní fún ọ, àmọ́ kò ní ibùgbé kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà ni, àmì sì tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì ló máa gbé àmì náà lé orí lẹ́tà bó ṣe yẹ. Bí lẹ́tà àti àmì bá wá láti inú fọ́ǹtì méjì, àmì lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lè fò lọ sórí lẹ́tà kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àkọlé. Àwọn àkọlé ìwé ìròyìn máa ń fún mọ́ra, mo sì ti fi line-height: 1 sí i, ìyẹn ni pé gíga ìlà kò ju ìwọ̀n lẹ́tà lọ, mo sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá, mo fi overflow: hidden sí àpótí rẹ̀ kí ohunkóhun má baà yọ síta. Ìròyìn kan wà nípa ọkọ̀ tuntun tí ẹgbẹ́ awakọ̀ kan rà. Lẹ́tà ńlá ga dé òkè àpótí, àmì orí rẹ̀ sì bọ́ síta, bíráúsà gé e dànù. Ohun tó jáde ni ỌKỌ TUNTUN DE. Àwọn ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láyé tí wọ́n ń fọwọ́ to lẹ́tà irin, bí àmì bá kúrò lórí ọ̀rọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yí, wọ́n á dá a dúró ni. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Mo yọ overflow kúrò, mo dá àkọlé padà sí lẹ́tà kékeré, mo fún un ní line-height 1.35, mo fún ọ̀rọ̀ inú ní 1.7. Èdè tó ní àmì lókè àti lábẹ́ nílò àyè. Bí ìlà bá fún mọ́ra jù, àmì abẹ́ ọ tó wà nínú ìlà òkè àti àmì ohùn tó wà nínú ìlà ìsàlẹ̀ á forí gbárí.

Mo tún jẹ́ kí etí ọ̀tún ọ̀rọ̀ máa rí gbágungbàgun bó ṣe wù ú. Mo ti kọ́kọ́ fi justify nà án kó lè tẹ́jú bíi ti bébà. Lórí bébà, òǹtẹ̀wé lè gé ọ̀rọ̀ sí méjì ní ìparí ìlà. Bíráúsà tí a dán wò kò mọ ibi tó yẹ kó ti gé ọ̀rọ̀ Yorùbá, nítorí náà ńṣe ló ń ya ọ̀rọ̀ nípá kó lè kún ìlà, ihò funfun sì ń ṣàn láti òkè dé ìsàlẹ̀ òpó.

Bàbá fara mọ́ gbogbo èyí. Ọ̀rọ̀ òpó nìkan ni wọn ò gbà. Mo fi òpó kan ṣoṣo lójú fóònù hàn wọ́n, wọ́n mi orí. "Lẹ́tà lèyí. Lẹ́tà tí èèyàn kọ sí ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe ìwé ìròyìn."

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Mo wá mú ẹ̀dà kan nínú ìdì wọn, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Bàbá, bí mo bá di ojú, tí mo là á, báwo ni mo ṣe máa mọ ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù níbí?"

Ojú wọn là. Wọ́n fa àga súnmọ́ mi. Wọ́n ní àkọ́kọ́, wàá ká ìwé náà sí méjì, torí bẹ́ẹ̀ ni fẹ́ńdọ̀ ṣe ń tò ó sílẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ ibi tí a ká, ẹni tó ń kọjá lọ kò rí i. Ìròyìn ọba, ti ìlú, ti ìjọba, òkè ló wà, àkọlé rẹ̀ ló tóbi jù. Àwòrán kì í dojú kọ ìta bébà; bí èèyàn inú àwòrán bá ń wo ọ̀tún, apá òsì la ó fi í sí kó lè máa wo inú ìwé. Iye owó ọjà máa ń wà níbi kan náà lóṣooṣù, kí ìyá tó ń wá iye gààrí má baà wá a kiri. Ìkéde òkú kì í sún mọ́ ìkéde ìgbéyàwó. Wọ́n fa bírò yọ, wọ́n yí kàlẹ́ńdà ògiri mi dojú bolẹ̀, wọ́n sì ya ojú ewé àkọ́kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀: àpótí ńlá kan, àpótí àwòrán, àwọn kéékèèké, ọjà, ìkéde.

Nígbà tí mo wo àwòrán yẹn ni mo rí ohun tó ń dun Bàbá. Lójú ewé tí mo ṣe, òpó mẹ́ta wà lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ìròyìn ló ga bákan náà. Ìròyìn ọba àti ìkéde àpò tó sọnù, wọ́n jókòó lórí ẹní kan náà. Mo ti gba òpó lọ́wọ́ wọn, mi ò gba ìpò.

Grid, apá CSS tó ń pín ojú ewé sí àpótí àpótí, ni mo fi ṣe é. Oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Firefox, Chrome àti Safari gbà á wọlé, kò sì sí fóònù kankan nínú èyí tí a dán an wò tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ni grid-template-areas, nítorí bí èèyàn ṣe ya ojú ewé sórí bébà náà ló ṣe máa kọ ọ́:

"olori olori aworan"
"olori olori kekere"
"oja ikede kekere"

Mo yí láptọ́ọ̀pù sí Bàbá. Wọ́n wo kóòdù, wọ́n wo ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, wọ́n tún wo kóòdù. "Olórí nìyí," wọ́n fi ìka tọ́ ọ. "Ọjà rèé nísàlẹ̀. Ohun tí mo yà ni!" Wọn ò mọ nǹkankan nípa CSS, síbẹ̀ wọ́n kà á. Mi ò fi àmì sí orúkọ àwọn àpótí yẹn, ìdí sì wà: kíbọ́ọ̀dù méjì lè tẹ ọ̀ lọ́nà méjì tó jọra lójú, kí kọ̀ǹpútà sì kà wọ́n sí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àpótí ò sì ní rí ààyè rẹ̀.

Lójú fóònù, àwọn àpótí náà á tò léra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtò HTML, èdè tí a fi kọ ohun tó wà nínú ojú ewé, ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀, òun náà ni ẹ̀rọ tó ń ka ojú ewé sókè fún àwọn tí kò ríran ń tẹ̀ lé. Nítorí náà mo bẹ Bàbá kí wọ́n tún ìròyìn tò fún mi, láti orí èyí tó ṣe pàtàkì jù dé èyí tó kéré jù, àtòkọ kan ṣoṣo. Ó gba wọ́n ní odindi ọ̀sán kan. Wọ́n gbé iye owó ọjà wá sí ipò kejì. Ọ̀rọ̀ Ìyá aládìrẹ ni wọ́n ń rò, wọn ò sọ ọ́, àmọ́ mo mọ̀.

Mi ò lé òpó jáde. Mo fi column-width: 20em, ìyẹn fífẹ̀ òpó ní ìlọ́po ogún ìwọ̀n lẹ́tà, dípò kíka iye òpó, bíráúsà á wo àyè tó wà, á ṣe òpó tó bá gbà. Lórí fóònù, ọ̀kan. Lórí ojú kọ̀ǹpútà, méjì tàbí mẹ́ta, àwọn ìkéde kúkúrú nìkan ni mo sì lò ó fún, èyí tí ojú lè rí tòkètilẹ̀ láìtì í. Mo fi break-inside: avoid sí àwòrán, torí lẹ́ẹ̀kan àwòrán wà nísàlẹ̀ òpó kan, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ wà lórí òpó kejì, ẹni tó sì wà nínú àwòrán di aláìlórúkọ. Ìlà tó wà láàárín òpó, mo fi àwọ̀ ẹ̀lú sí i. Òṣogbo ìlú aró ni ibi, kò tọ́ kí ìlà wa jẹ́ dúdú lásán.

A tún padà sí Ọjà Ọba. Ìyá ka iye owó ọjà, wọ́n ka ti ìyálọ́jà dé ìparí gbólóhùn, wọ́n bá Bàbá jà lórí iye ẹ̀lú tí wọ́n kọ, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jà mọ́. Bàbá fi bírò kọ iye tuntun sí àtẹ́lẹwọ́.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ ni wọ́n ní kí n má bínú, nǹkan kan ṣì ku. Àwọn àgbàlagbà kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí kò ní fóònù tó ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kò sí bí ojú ewé yìí ṣe lè jáde lórí bébà? Ó wà. CSS ní apá tí a ń kọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan, @media print. Níbẹ̀, mo yọ bọ́tìnì àti àtòkọ òkè kúrò, mo ní kí bébà jẹ́ A4, mo sì dá òpó mẹ́ta padà, torí lórí bébà ni òpó ti wà nílé ara rẹ̀. Mo tẹ CTRL àti P.

Bàbá gba abala náà nígbà tó ṣì gbóná láti inú ẹ̀rọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n yọ rúlà onígi, wọ́n wọn òpó kìíní, wọ́n wọn èkejì, wọ́n wọn àlàfo tó wà láàárín wọn.

"Fi mìlímítà méjì kún àlàfo yìí," wọ́n ní. "Ìlà ẹ̀lú yẹn ò rí ibi mí."

Mo fi méjì kún un, mo sì tún un tẹ̀.